Wọ́n rí ojú òpó yín, wọ́n tún pè yín: bí ẹ ṣe máa ṣètò rẹ̀ fún ẹni tó ń wá nǹkan

Ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jù nìyí: "Mo ti ṣe ojú òpó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ọjà mi ló wà níbẹ̀. Kí ló dé tí àwọn oníbàárà ṣì ń pè mí láti béèrè ohun tó wà lójú wọn kedere?" Torí pé kò sí lójú wọn ni. Ojú ẹ̀yin tí ẹ kó o síbẹ̀ ló wà. Ẹni tó kọ́ ilé kì í ṣi yàrá mú. Àlejò ló ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná nígbà tó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ìsọ̀ aṣọ òkè kan ní Ìṣẹ́yìn ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀, torí pé mo mọ irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn tó ń tà á, látorí ẹni tó wà ní Ìbàdàn títí dórí ẹni tó ń pè láti London. Bó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ilé ìwòsàn ni tiyín, ìgbésẹ̀ kan náà ni. Ẹ ṣáà fi ọjà tiyín dípò aṣọ.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Fóònù tí wọ́n fi ń pè yín, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp oṣù kan sẹ́yìn
- Ìwé kan àti bírò
- Ẹni márùn-ún tí kò mọ inú ìsọ̀ yín
- Fóònù kan tí kò wọ́n, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń fà

Ẹ má tíì pe ẹni tó ń bá yín ṣe ojú òpó. Ẹ fúnra yín lẹ máa ṣe ìgbésẹ̀ 1 àti 2, ọ̀sán kan sì ti tó.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀

1. Ẹ ṣí WhatsApp, kí ẹ kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ má tún un ṣe. Bí ẹnì kan bá kọ "ma e joo elo ni ofi yin", bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó wà nínú ìwé yín.
2. Ìbéèrè tó bá tún padà wá, ẹ má kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
3. Ẹ fàlà sábẹ́ orúkọ tí wọ́n pe ọjà náà. Ibí ni ojú máa ti là yín. Ẹ̀yin ń pè é ní aṣọ òkè. Ẹnì kan ní "aṣọ òfì", òmíràn ní "òfì" lásán, ẹni tó wà ní London kọ "asooke" ní ọ̀rọ̀ kan. Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn ń wá.
4. Bí ojú òpó yín bá ti pẹ́ díẹ̀, ẹ wo Google Search Console. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ sí Google kí ojúewé yín tó jáde sí wọn hàn yín. Fún ìsọ̀ kékeré, ohun tó máa wà níbẹ̀ lè má tó nǹkan. WhatsApp yín ṣì ni babá.

Ìkìlọ̀: ẹ má pe àbúrò yín kí ẹ bi í pé, "Kí lo fẹ́ rí lórí ojú òpó wa?" Ó máa dá yín lóhùn, ìdáhùn rẹ̀ máa dùn létí, kò sì ní wúlò. Ohun tí ènìyàn ṣe nígbà tí nǹkan ká a lára ni kí ẹ máa wò.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pín ìbéèrè náà sí ọ̀nà mẹ́rin

Ẹ kọ A, B, D tàbí E sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun náà sì ni gbogbo ìyókù dúró lé.

A. Ó mọ ohun tó ń wá, ó sì mọ orúkọ rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o mà. Sányán kọ́mpìlíìtì, èló?" Ẹni yìí ò ráyè ìtàn bí bàbá yín ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ híhun. Ó fẹ́ rí i, kó mọ iye rẹ̀, kó máa lọ. Ẹ fún un ní àpótí ìṣàwárí (ibi tí wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ sí láti wá nǹkan) lókè ojúewé àti orúkọ gbogbo aṣọ ní títò, kí iye owó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ.

B. Ó ní nǹkan lọ́kàn, àmọ́ kò mọ orúkọ rẹ̀. "Ẹ ní aṣọ òkè tó pupa bíi ti àwọn àgbà?" Àlàárì ló ń wá. Ẹ lè ní àlàárì ogún síbẹ̀. Bí ẹ bá kọ "Àlàárì" nìkan sábẹ́ àwòrán, àpótí ìṣàwárí máa sọ fún un pé kò sí. Ohun tí ẹni yìí nílò ni:

- àwòrán tó tóbi tó láti rí bí wọ́n ṣe hun ún
- àpèjúwe lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ: "Àlàárì, aṣọ òkè pupa", "Ẹtù, aṣọ òkè aláró"
- ìsọ̀rí tó bá ayẹyẹ mu: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìwúyè, ìsìnkú àgbà
- "Bí èyí bá wù yín, ẹ wo èyí náà" nísàlẹ̀ aṣọ kọ̀ọ̀kan

Ohun tó ń wá lè yí padà níbi tó ti ń wò. Ó wá tìtorí ẹtù, ó rí sányán, ọkàn rẹ̀ kúrò lára ẹtù. Marcia Bates, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, kọ ọ́ ní ọdún 1989 pé bí ẹni tó ń ṣa èso nínú igbó ni ẹni tó ń wá ìmọ̀ ṣe ń rìn: díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, ibi tó bá sì dé ló ń sọ ibi tó kàn. Ẹni tó bá ti lọ já ewédú lóko tó sì gbé olú àti gbọ̀rọ̀ wálé mọ ohun tó ń sọ. Nítorí náà, ẹ má ti ẹni yìí mọ́ inú ọ̀nà tóóró kan. Ẹ jẹ́ kó lè yà.

D. Kò mọ ohun tó yẹ kó béèrè. Ẹni yìí ló ń gba àkókò yín jù, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti sanwó. Ẹ wo ọkọ ìyàwó kan ní Houston tí kò ra aṣọ òkè rí. Ó sanwó agbádá. Kò mọ̀ pé ẹ máa nílò yíyípo orí òun fún fìlà. Kò mọ̀ pé ìpèlé ìyàwó òun yàtọ̀ sí gèlè. Ó rò pé aṣọ tó rí nínú àwòrán ti wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Kò lè wá èyíkéyìí nínú wọn, torí kò mọ̀ pé wọ́n wà láti wá.

Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí ẹ gbé e sójú ọ̀nà rẹ̀. Lórí ojúewé aṣọ náà gan-an, nítòsí iye owó, ẹ kọ:

- ohun tó wà nínú kọ́mpìlíìtì àti ohun tí kò sí níbẹ̀
- ìwọ̀n tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀
- iye ọ̀sẹ̀ tí híhun àti rírán máa gbà, kí ẹ tó ka ọjọ́ ìfiránṣẹ́ mọ́ ọn
- bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, kó má lọ jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ

Ìlà mẹ́rin péré. Ẹni tó bá fẹ́ àlàyé tó gùn, ẹ fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀ fún un. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wọn lọ sí ojúewé ọ̀tọ̀ tí ẹ pè ní "Ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè jù". Èmi ò fẹ́ràn irú ojúewé bẹ́ẹ̀ rárá. Àpò ìdọ̀tí ni: ohun tí a kò mọ ibi tó yẹ ká fi sí la ń kó síbẹ̀, ẹni tí kò mọ ìbéèrè tó yẹ kó béèrè kò sì ní lọ ka àkójọ ìbéèrè.

E. Ó ti rí i rí, ó fẹ́ tún un rí. "Mà, èyí tí mo wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní ìlà góòlù yẹn." Ẹ sọ aṣọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ tàbí ní nọ́ńbà tí ẹnu lè pè: "Àlàárì 14" dára ju "IMG_20398" lọ. Bí aṣọ bá tán, ẹ má pa ojúewé rẹ̀ rẹ́. Ẹ kọ "Ó ti tán, a lè hun ún" sí i. Ẹ má sì yí àdírẹ́sì ojúewé padà, torí ó ti wà nínú WhatsApp ẹnì kan tí kò tíì gba owó oṣù.

Nísinsìnyí, ẹ ka A, B, D àti E. Èyí tó bá pọ̀ jù ló ni òkè ojúewé àkọ́kọ́ yín. Àwọn tó kù ò gbọ́dọ̀ ṣàìní ilẹ̀kùn tiwọn, torí ẹnì kan náà lè bẹ̀rẹ̀ ní B kó parí sí A láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó wà lórí bọ́tìnnì ní òórùn

Láwọn ọdún 1990, ní Xerox PARC, ilé ìwádìí kan ní California, àwọn olùwádìí méjì, Peter Pirolli àti Stuart Card, fi ẹni tó ń wá ìmọ̀ wé ẹranko tó ń wá oúnjẹ kiri. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé ọdẹ rí ò nílò àlàyé púpọ̀. Ajá ọdẹ kì í rí ọ̀yà kó tó máa lépa rẹ̀. Òórùn ló ń tọ̀. Bí òórùn bá ń le sí i, ó ń sáré. Bó bá parẹ́, ó yí padà. Bí ojú ènìyàn ṣe ń tọ ọ̀rọ̀ lórí fóònù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí kò bá gbóòórùn ohun tó ń wá, kò ní tẹ̀ ẹ́.

1. Ẹ ka gbogbo bọ́tìnnì yín sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi ara yín: bí ẹni tí kò mọ̀ wá rárá bá gbọ́ èyí nìkan, ṣé ó mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀?
2. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ "rárá", ẹ fi ọ̀rọ̀ láti inú ìwé yín rọ́pò rẹ̀.
   - "Ẹ tẹ ibí" → "Ẹ wo iye owó ẹtù"
   - "Àwọn iṣẹ́ wa" → "Aṣọ ọkọ àti ìyàwó"
   - "Àkójọ iyebíye" → "Fìlà, gèlè, ìpèlé"
3. Ẹ ṣí ojúewé tí bọ́tìnnì náà mú yín lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà gbọ́dọ̀ wà lókè rẹ̀. Ẹni tó tẹ "Fìlà" tó bá ara rẹ̀ lábẹ́ "Ohun ọ̀ṣọ́ orí" máa rò pé òun ti ṣìnà.

Ẹjọ́ ara mi ni mò ń rò níbí. Mo ṣe ojú òpó fún ìyá kan nígbà kan, mo sì fi "Ọrọ̀ Àdáyébá" ṣe orúkọ ibi tí aṣọ wà. Ó dùn mọ́ mi nínú gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́. Mo yí i sí "Aṣọ àti iye owó", wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́jọ́ kejì. Ìyá náà ò bá mi wí, ó kàn ní, "Ọmọ mi, ṣé àwọn tó ń ra aṣọ mọ èdè ewì ni?"

Nípa iye owó: ẹ má fi pamọ́. "Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ fún iye owó" ni odi tó ga jù lórí ojú òpó ọlọ́jà. Mo mọ̀ pé owó òwú ń gòkè ń sọ̀. Ẹ kọ "láti iye báyìí lọ sókè", kí ẹ fi ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ sí i.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ àmì ohùn

Ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ fún àwọn elédè mìíràn kì í sábà mẹ́nu ba èyí, òun ló sì ń pa ojú òpó Yorùbá jù. Ẹni tó ń fi fóònù wá nǹkan kì í sábà fi àmì sí i. "Oko iyawo" ló máa tẹ̀. Ẹ̀yin sì kọ "ọkọ ìyàwó". Lójú ẹ̀rọ tí wọn ò kọ́, ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọra rárá ni.

1. Nínú àkọlé àti àlàyé, ẹ fi àmì sí i pé. "Ọkọ ìyàwó" ló ń ra agbádá. "Ọkọ̀ ìyàwó" ń fẹ́ epo àti awakọ̀. Ẹ má tìtorí àpótí ìṣàwárí ba èdè yín jẹ́.
2. Nínú àpótí ìṣàwárí, kí ẹ̀rọ bọ́ àmì kúrò ní ìhà méjèèjì, ìyẹn lára ohun tí oníbàárà tẹ̀ àti lára ohun tí ẹ kọ, kó tó fi wọ́n wéra. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín kọ ọ́ pé kó lo NFD (ọ̀nà tí Unicode, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń tọ́jú lẹ́tà, ń gbà ya àmì kúrò lára lẹ́tà), kó yọ gbogbo ohun tó wà láàárín U+0300 àti U+036F, kó sì sọ gbogbo lẹ́tà di kékeré. Àmì ohùn wà níbẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ náà wà níbẹ̀, yálà ẹni náà lo àmì roboto kékeré tàbí ìlà òòró.
3. Ẹ má fo èyí pé "tiwa ṣáà ní àmì". Nínú Unicode, ọ, ẹ àti ṣ ní ààyè tiwọn, à àti é náà ní tiwọn. Ọ́ àti ẹ̀ ò ní; ègé méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Àtẹ ìtẹ̀wé (keyboard) kan lè fi ọ ṣáájú kó tó fi àmì òkè sí i, òmíràn á fi ó ṣáájú kó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú yín, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, wọ́n lè yàtọ̀. Mo ti rí ojúewé tí àpótí ìṣàwárí tirẹ̀ gan-an ò lè rí ọ̀rọ̀ tó wà nínú àkọlé rẹ̀.
4. Bí ẹnì kan bá fi àmì sí i, èyí tó bá àmì rẹ̀ mu ni kó ṣáájú. Ẹni tó tẹ "etu" lè máa wá aṣọ, lè máa wá ẹran igbó, lè máa wá ohun tí wọ́n ń rọ sínú ìbọn. Ní ìsọ̀ yín, aṣọ ni. Lórí ojú òpó ìròyìn, ẹ ní iṣẹ́ púpọ̀ sí i.
5. Àdírẹ́sì ojúewé: kò gbọ́dọ̀ ní àmì. Ẹ kọ aso-oke. Bí ẹ bá kọ aṣọ-òkè, ẹni tó dà á kọ sínú WhatsApp lè rí a%E1%B9%A3%E1%BB%8D-%C3%B2k%C3%A8. Ẹni tó bá gba irú èyí máa rò pé oníjìbìtì ló fi ránṣẹ́.
6. Ẹ kọ àwọn orúkọ yòókù síbì kan lójúewé náà: "Àwọn kan ń pè é ní òfì tàbí aṣọ òfì, wọ́n tún máa ń kọ ọ́ ní aso oke, asooke." Gbólóhùn kan ti tó. Ẹ má tò wọ́n lọ́nà ogójì bí ẹni ń pọfọ̀.

Bí wọ́n bá wá nǹkan tí kò sí, ẹ má fi ojúewé òfìfo dá wọn lóhùn. Ẹ to orúkọ gbogbo aṣọ yín síbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán kékeré, kí nọ́ńbà WhatsApp yín wà nísàlẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dán an wò pẹ̀lú ẹni márùn-ún

Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí ojú òpó ṣe lè rọrùn láti lò, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé ẹni márùn-ún ti tó láti fi rí ọ̀pọ̀ jù lọ àṣìṣe tó wà lójúewé. Ẹ gbé fóònù tí kò wọ́n yẹn fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ mẹ́rin:

- A: "Ẹ bá mi wo iye owó sányán."
- B: "Wọ́n bímọ tuntun nílé yín, ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀. Ẹ wá ohun tí ẹ máa wọ̀."
- D: "Ayẹyẹ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ fẹ́ agbádá. Ẹ sọ fún mi nígbà tí ẹ bá rò pé ẹ ti mọ gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀."
- E: Ẹ fi aṣọ kan hàn wọ́n, ẹ gba fóònù. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ní kí wọ́n tún un wá.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò pe "ìkómọjáde" nínú iṣẹ́ B. Orúkọ tó bá wà lórí bọ́tìnnì, ẹ má pè é, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ti fi ọ̀nà hàn wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ panu mọ́. Ọwọ́ máa yún yín láti tọ́ka; ẹ fi sẹ́yìn. Ẹ má sì gba ẹnu wọn gbọ́. Bí ẹ bá ju ẹni náà lọ lọ́jọ́ orí, ó máa sọ pé, "Ó dáa gan-an, ẹ̀gbọ́n," kó má bàa dà bí àfojúdi, bẹ́ẹ̀ ó ti pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìka rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ibi tó bá ti dúró, tó padà sẹ́yìn, tàbí tó fa ojúewé sókè sódò láìtẹ ohunkóhun, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó bá ṣe ẹni méjì nínú márùn-ún, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó pe ẹlòmíràn.

## Bí ẹ ò bá ní ojú òpó

WhatsApp Business lè gbé púpọ̀ nínú èyí. Ẹ lo katalọ́ọ̀gì rẹ̀ fún A, kí ẹ pín in sí àkójọ ayẹyẹ fún B. Ìlà mẹ́rin ti D, ẹ kọ wọ́n sínú àlàyé ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú wọn sínú èsì kíákíá (Quick replies) kí ẹ má bàa máa tẹ̀ wọ́n lójoojúmọ́. Fún E, ẹ kọ nọ́ńbà aṣọ sórí àwòrán fúnra rẹ̀, torí wọ́n máa gba àwòrán náà pamọ́, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í sì í bá a lọ. Status WhatsApp nìkan ò tó; wákàtí mẹ́rìnlélógún péré ló ń lò.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Iye owó inú àwòrán nìkan. Àpótí ìṣàwárí ò lè kà á, ẹni tí dátà rẹ̀ ń fà ò ní rí i.
- Fídíò tó ń ṣí fúnra rẹ̀ lókè ojúewé.
- Ìwé PDF fún ohun tó yẹ kó jẹ́ ìlà mẹ́wàá.
- Nọ́ńbà fóònù tí wọn ò lè tẹ̀ láti fi pè.
- Mẹ́nù tí wọ́n fi ẹ̀ka iléeṣẹ́ ṣe. Oníbàárà ò mọ̀ pé ẹni tó ń hun yàtọ̀ sí ẹni tó ń rán, kò sì kàn án.

## Lẹ́yìn oṣù kan

Ẹ tún ṣí ìwé yín àti WhatsApp, kí ẹ tún ìgbésẹ̀ 1 ṣe. Ìpè ò ní tán. Àwọn kan ń pè kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ènìyàn kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́, kò sì sí ojúewé tó lè rọ́pò ìyẹn. Àmọ́ ìbéèrè kan náà tó bá dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ bi ẹni kẹta ojúewé tó wà nígbà tó gbé fóònù láti pè. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ ìdáhùn náà sí lọ́jọ́ náà gan-an.